Olóṣèlú tó ń sọ̀rọ̀ àyíká àmọ́ tó ń wọ jẹ́ẹ̀tì: ìbéèrè táwọn èèyàn máa ń bi mí àti ìdáhùn

Gbogbo ìgbà tí ìpàdé ńlá lórí ojú-ọjọ́ bá ti ń sún mọ́lé, ìbéèrè kan náà ló máa ń rọ́ wọlé: kí ló dé tí àwọn tó ní ká dín èéfín kù fi ń fò káàkiri bí ẹyẹ? Mo kó èyí tó wọ́pọ̀ jù jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bó ṣe yé mi. Ìdáhùn kan gùn, òmíì ò gùn, èyí tí ò bá kàn yín ẹ fò ó.

Ṣé kì í ṣe àgàbàgebè ni kí olóṣèlú máa wàásù àyíká fún wa kó tún lọ wọ jẹ́ẹ̀tì?

Ìgbà míì àgàbàgebè paraku ni, ká má tan ara wa. Ìgbà míì sì rèé, iṣẹ́ ló gbé e débẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá wà nípò yẹn ló máa ṣe bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe máa ń ya méjèèjì sọ́tọ̀ ni pé mo máa ń wò ó bóyá ọ̀nà míì wà tó lè gbà, bóyá ohun tó ní káwa má ṣe lòun fúnra ẹ̀ ń ṣe, mo wá máa ń béèrè pé kí ni ìrìnàjò ọ̀hún tiẹ̀ bí?

Ẹ jẹ́ ká mú Boris Johnson, tó jẹ́ olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà yẹn. Oṣù kọkànlá 2021, ìpàdé COP26, ìyẹn ìpàdé ọdọọdún tí gbogbo ayé ń ṣe lórí ojú-ọjọ́, ń lọ ní Glasgow, ìjọba ẹ̀ ló gba gbogbo ayé lálejò, òun fúnra ẹ̀ ló dúró níwájú àwọn olórí yòókù tó ń sọ fún wọn pé aago méjìlá òru ti ku ìṣẹ́jú kan, àfi ká yáa ṣe nǹkan. Nígbà tó máa padà sí London, bàálù tí wọ́n háyà ló wọ̀. Reluwé wà o, Glasgow sí London ò ju bíi wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀ lọ. Ọ́fíìsì ẹ̀ ní torí àkókò ni, àmọ́ àwọn oníwèé ìròyìn tọpa ẹ̀ dé ibi oúnjẹ alẹ́ tó lọ jẹ pẹ̀lú àwọn tó jọ ṣiṣẹ́ ìròyìn rí. Èyí, n ò lè gbè é lẹ́yìn.

Ní ìpàdé kan náà, Alok Sharma tó jẹ́ alága ẹ̀ gba èébú tiẹ̀ náà, torí láàárín oṣù méje ó ti fò lọ sí orílẹ̀-èdè 30. Ẹ gbọ́, iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún ọkùnrin yẹn ni kó lọ bẹ àwọn ìjọba kí wọ́n tó dé Glasgow, ẹni tó fẹ́ bẹ èèyàn pé kó má fi èédú inú ilẹ̀ ṣe iná mọ́ kì í jókòó sílé kó máa fi lẹ́tà ránṣẹ́. Ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí ní Glasgow ni àkọ́kọ́ nínú ìpàdé COP tó máa dárúkọ èédú ní gbangba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ tó kẹ́yìn gan-an ni wọ́n bomi la ọ̀rọ̀ náà, omi sì fẹ́ẹ̀ bọ́ lójú alága. Mo forí ji òun ní tèmi. Ẹ lè má gbà.

Wọn ò lè wọ bàálù tí gbogbo èèyàn ń wọ̀ ni?

Wọ́n lè wọ̀ ọ́, ó sì ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní ìparí oṣù kọkànlá 2018, Angela Merkel, olórí ìjọba Jámánì nígbà yẹn, ń lọ sí ìpàdé G20, ti àwọn orílẹ̀-èdè tí ọrọ̀ ajé wọn tóbi, ní Buenos Aires, bàálù ìjọba Jámánì tó gbé e bàjẹ́ lójú ọ̀run, wọ́n yí padà balẹ̀ sí Cologne, nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ó dé Madrid ó sì wọ bàálù èrò bíi tèmi tìrẹ. Kò sẹ́ni tó kú. Àmọ́ ó pẹ́ dé ìpàdé, ìyẹn ló sì jẹ́ ká rí ìdí tí wọ́n fi ń sá fún un: olórí ìjọba ò lè wà níbi tí fóònù tó ní ààbò ò ti lè kàn án fún wákàtí mẹ́tàlá, síkúrítì ẹ̀ ò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ ìjókòó tó wà.

Fún ààrẹ àti olórí ìjọba, ó yé mi. Fún mínísítà, aṣòfin, gómìnà, igbákejì èyí àti olùdámọ̀ràn ìyẹn, kò yé mi rárá. Ẹgbẹ́ Transport & Environment ní Yúróòpù ṣírò ẹ̀ ní 2021 pé èéfín jẹ́ẹ̀tì aládàáni lórí èèyàn kan tó ìlọ́po 5 sí 14 ti bàálù èrò. Ẹni tó bá mọ ìyẹn tó ṣì ń háyà, ìgbéraga ló kù tó ń dà á láàmú.

Ti Bronwyn Bishop ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Òun ni olórí ilé aṣòfin kékeré ní Australia nígbà yẹn, ó háyà hẹlikópítà láti Melbourne lọ sí Geelong torí ètò ìkówójọ ẹgbẹ́ òṣèlú ẹ̀, ọ̀nà tí ò ju bíi kìlómítà 80 lọ, tí mọ́tò ń sá kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Owó ẹ̀ lé ní 5,000 dọ́là Australia. Nígbà tọ́rọ̀ bọ́ síta ní 2015, ariwo ò jẹ́ kó gbádùn títí tó fi fipò sílẹ̀ lóṣù kẹjọ. Owó ló bí wọn nínú o, ọ̀rọ̀ èéfín ò wọ̀ ọ́ rárá. Mo sì ti ṣàkíyèsí pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí: kó tó di pé aráàlú bínú sí olóṣèlú lórí àyíká, ó máa ń kọ́kọ́ jẹ́ pé owó wọn ló ná.

Ìpàdé orí íńtánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ṣebí gbogbo wa la ṣe é nígbà Kòrónà.

Ó ṣeé ṣe fún púpọ̀ nínú ẹ̀. Oṣù kẹrin 2021, Joe Biden pe olórí orílẹ̀-èdè 40 sí ìpàdé ojú-ọjọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n jókòó sí ọ́fíìsì wọn, wọ́n sọ tẹnu wọn, kò sí bàálù kankan tó gbéra. Ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà dìbò láti ilé ní 2020. Torí náà ẹni tó bá sọ pé kò ṣeé ṣe, irọ́ ló ń pa.

Ibi tó ti máa ń há ni ìdúnàádúrà. Ọ̀rọ̀ tó máa ń tú àdéhùn sílẹ̀ kì í jáde lórí máíìkì, ìta yàrá ni wọ́n ti ń sọ ọ́, aago méjì òru, méjì mẹ́ta tí wọ́n dúró ti ògiri, ẹnì kan á ní tí ẹ bá yọ gbólóhùn yìí mo máa fọwọ́ sí i, wọ́n á yọ ọ́. Íńtánẹ́ẹ̀tì ò ní ìta yàrá. Ohun kejì ni pé àwọn orílẹ̀-èdè kékeré ló máa ń fara gbá a, tí ìpàdé bá bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án gangan ní Yúróòpù òru ló jẹ́ fún àwọn ará erékùṣù Pacific, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn sì lè já níbi tí wọ́n ti fẹ́ sọ̀rọ̀ gan-an. Olówó ò níṣòro yẹn. Nínú yàrá kan náà, gbogbo wọn ní àga kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀bi tí mo wá dá wọn ni ti èrò tó ń tẹ̀ lé wọn. COP28 tó wáyé ní Dubai ní 2023, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lé ní 80,000. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin! Àwọn tó ń dúnàádúrà lóòótọ́ ò tó ìdá kékeré nínú ìyẹn, àwọn yòókù wá ya fótò, wọ́n wá ta ọjà, wọ́n wá kí ọ̀gá. Tí wọ́n bá fẹ́ gé nǹkan, ibẹ̀ ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n fi aṣojú erékùṣù sílẹ̀ jàre.

Ọkọ̀ ojú omi ńkọ́?

Greta Thunberg, ọ̀dọ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ àyíká, ṣe é ní 2019, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló lò láti Plymouth dé New York. Ìpàdé tó ń lọ fún ní Chile wá ṣí lọ sí Madrid, ó di dandan kó wá ẹni tó máa fi ọkọ̀ gbé e padà sọdá òkun. Ọ̀dọ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ lè ṣe ìyẹn, mínísítà tó ní ìbéèrè láti dáhùn nílé aṣòfin lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè ò lè ṣe é.

Èyí tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ ńkọ́, ṣé òun kọ́ ló yẹ ká máa dìbò fún?

Ẹni tó bá fẹ́ dá aṣọ fúnni, ti ọrùn ẹ̀ là á wò, òwe náà ò parọ́. Tí olóṣèlú bá ń gun kẹ̀kẹ́ tọkàntọkàn, mo fẹ́ràn ẹ̀. Julie Anne Genter ní New Zealand, kẹ̀kẹ́ ló gùn lọ sí ọsibítù láti lọ bímọ ní 2018, mínísítà ló sì jẹ́ nígbà yẹn, ó tún gun kẹ̀kẹ́ lọ bí èkejì ní 2021. Ta ló máa bá ìyẹn jiyàn? Mark Rutte náà, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ ní gbogbo ọdún tó fi jẹ́ olórí ìjọba Netherlands.

Àmọ́ ẹ rántí David Cameron. Ní 2006, nígbà tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ alátakò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń wá ojú rere aráàlú, ó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé aṣòfin, fótò ń jáde, gbogbo èèyàn ń yìn ín, àfìgbà táwọn oníròyìn rí i pé mọ́tò kan ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn tó gbé bàtà àti ìwé ẹ̀. Èéfín tó yẹ kí kẹ̀kẹ́ dín kù, mọ́tò ń tú u síta lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ̀rín ni wọ́n fi rín in o, àmọ́ ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ olóṣèlú ní ẹrù, ó ní ìwé, ó ní aṣọ tó gbọ́dọ̀ wọ̀ níwájú kámẹ́rà, ó ní síkúrítì, a ò sì fẹ́ rí èyíkéyìí nínú ẹ̀, kẹ̀kẹ́ nìkan la fẹ́ rí. Àwa náà wà lára àwọn tó ń fẹ́ kí wọ́n ṣe eré fún wa.

Ẹni tó kọ́ mi lọ́gbọ́n jù lórí èyí ni José Mujica, tí wọ́n ń pè ní Pepe, ààrẹ Uruguay láti 2010 sí 2015. Gbogbo ayé mọ Volkswagen Beetle ẹ̀ aláwọ̀ búlúù, ti ọdún 1987, ilé oko kékeré ló ń gbé, èyí tó pọ̀ jù nínú owó oṣù ẹ̀ ló sì fi ń tọrẹ. Èèyàn iyì ni. Àmọ́ ohun tó tún iná mànàmáná Uruguay ṣe kì í ṣe mọ́tò yẹn. Kó tó dépò rárá ni ìjọba Tabaré Vázquez ti gbé ètò agbára tuntun kalẹ̀ ní 2008, nígbà tó di 2010 gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú tó wà nílé aṣòfin, títí kan alátakò, jọ fọwọ́ sí i, kó má di pé ẹni tó bá wọlé lẹ́yìn á fà á ya. Torí ìyẹn làwọn oníléeṣẹ́ ṣe gboyà láti da owó wọn sórí ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣe iná, torí wọ́n mọ̀ pé ìdìbò kan ò lè sọ wọ́n di onígbèsè. Lọ́pọ̀ ọdún báyìí, ó ju 90% nínú iná Uruguay lọ tó ń wá látara omi, afẹ́fẹ́, oòrùn àti pàǹtírí igi àti ti oko. Ẹ lọ wá fótò ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé ọ̀hún, kí ẹ wá wò ó bóyá ẹ máa rí èèyàn kan tó mọ̀ ọ́n. Ti Beetle, gbogbo ayé ló ní i lórí fóònù.

Ẹ̀yin wá ń sọ pé ìwà ara ẹni ò já mọ́ nǹkan kan nìyẹn?

Ó já mọ́ nǹkan, àmọ́ kò tó ìdajì bí a ṣe ń gbé e. Ẹ wo Arnold Schwarzenegger. Nígbà tó jẹ́ gómìnà California, ilé ẹ̀ wà ní Los Angeles, ọ́fíìsì wà ní Sacramento, jẹ́ẹ̀tì ló fi ń lọ tó fi ń bọ̀, ká má tíì sọ ti mọ́tò ràgàjì Hummer tó sọ di ìfẹ́ àwọn èèyàn. Tó bá jẹ́ ọrùn nìkan là ń wò, ó ti fìdí rẹmi. Ọkùnrin yìí kan náà ló fọwọ́ sí òfin AB 32 ní 2006, òfin tó ní kí èéfín California padà sí ipò tó wà ní 1990 kó tó di 2020. Wọ́n débẹ̀ ní 2016, ọdún mẹ́rin ṣáájú. Ẹgbẹ́ Rẹpọ́blíkánì lòun, Dẹmokrátì ló pọ̀ jù nílé aṣòfin, wọ́n sì jọ ṣe é.

Kí ẹ bá mi da èéfín jẹ́ẹ̀tì ọkùnrin kan mọ́ èéfín ìpínlẹ̀ kan tó ní mílíọ̀nù lọ́nà ogójì èèyàn sórí òṣùwọ̀n kan náà, ẹ máa rí i. Èyí ò sọ pé ó ṣe dáadáa bó ṣe ń fò, reluwé àti bàálù èrò wà níbẹ̀. Mo kàn ń sọ pé tí wọ́n bá ní kí n mú nínú ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ tó ń dìbò lòdì sí òfin tó dáa, àti ẹni tó ń wọ jẹ́ẹ̀tì tó ń gbé òfin náà kọjá, n ò ní ronú pẹ́.

Ibi tí ìwà ti ń ṣe jàǹbá gan-an ni pé alátakò máa fi ṣe ohun ìjà. Al Gore, igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, ní 2007, kí ariwo fíìmù tó ṣe lórí ojú-ọjọ́ tó lọ sílẹ̀, wọ́n ti gbé bílì iná ilé ẹ̀ ní Nashville jáde, ó di pé òun náà wá lọ gbé ṣólà sórí òrùlé. Ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ojú-ọjọ́ tẹ́lẹ̀ ti rí àwáwí, kò ní gbọ́ mọ́ láéláé.

Kí wá ni ti àwọn aṣòfin tó ń lọ tó ń bọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?

Mo fẹ́ kí gbogbo èèyàn mọ èyí torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ilé aṣòfin àpapọ̀ Yúróòpù ní aṣòfin 720. Brussels ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ ìgbìmọ̀ wọn, Brussels lọ́fíìsì wọn wà, àmọ́ nígbà méjìlá lọ́dún gbogbo wọn á kó ẹrù, pẹ̀lú àwọn olùrànlọ́wọ́ àti ògbufọ̀, wọ́n á lọ sí Strasbourg ní ilẹ̀ Faransé, ó ju kìlómítà 400 lọ, wọ́n á ṣe ìjókòó ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n á tún kó padà. Àpótí ìwé wọn ń bá tírélà lọ. Ilé ńlá méjì ni wọ́n ń tan iná sí, tí wọ́n ń mú gbóná nígbà òtútù, ọ̀kan nínú ẹ̀ sì ń ṣófo lọ́pọ̀ ọjọ́ nínú ọdún.

Ẹ̀ ń rò pé aṣòfin ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀? Rárá o. Ní 2013 àwọn fúnra wọn dìbò pé kí wọ́n jẹ́ káwọn yan ibi táwọn á ti máa jókòó. Àmọ́ inú ìwé àdéhùn Yúróòpù ni wọ́n kọ ọ́ sí, láti Amsterdam ní 1997, àfi kí gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà nínú ẹgbẹ́ gbà kí wọ́n tó lè yọ ọ́, ilẹ̀ Faransé ò sì ní gbà láéláé torí Strasbourg ń jẹun níbẹ̀. Ẹ lè yan aṣòfin tó fẹ́ràn àyíká ju ẹ̀mí ẹ̀ lọ, tó ń jẹ ẹ̀fọ́ nìkan, tó ń fi ẹsẹ̀ rìn, tó bá di ọ̀sẹ̀ Strasbourg ó máa kó ẹrù lọ.

Canberra, olú-ìlú Australia, náà rí bẹ́ẹ̀ lọ́nà tiẹ̀. Aṣòfin tó wá láti Perth máa fò bíi kìlómítà 3,000 kó tó dé ilé aṣòfin, tí kò bá sì padà sílé lópin ọ̀sẹ̀ láti lọ síbi ìpàdé àdúgbò, ìsìnkú àti ayẹyẹ ilé ìwé, ẹni tó fẹ́ gba ipò ẹ̀ á ní ẹ ò rí i, ó ti gbàgbé yín, ó ti di ará Canberra. Àwa olùdìbò la ń fẹ́ rí wọn lójúkojú. Mi ò sọ pé a ò gbọ́dọ̀ fẹ́ ẹ, mo ń sọ pé ká mọ̀ pé owó àti èéfín wà lórí ẹ̀.

Kọ́ńfóì ńkọ́?

Kí wọ́n dín in kù. Síkúrítì ò nílò mọ́tò ogún, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ọlá lásán ni. Èyí tó máa ń dùn mí jù ni àwọn tó páàkì síta wákàtí mẹ́ta, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́, kò sẹ́nì kankan nínú mọ́tò àfi dẹ́rẹ́bà tó ń sùn.

Póósítà àti bánà ìdìbò tó kún gbogbo ìgboro, ta ló yẹ kó kó o?

Ẹni tó lẹ̀ ẹ́. Ìlú tó ṣe òfin bẹ́ẹ̀ tó sì ń bu owó ìtanràn lé wọn, póósítà ń kúrò, èyí tó fi sílẹ̀ fún ẹ̀rí ọkàn wọn, òjò àti afẹ́fẹ́ ló máa kó o lọ sínú gọ́tà. Wàhálà bánà òde òní ni pé rọ́bà ni, kì í jẹrà. Ní Kerala, ní ilẹ̀ Íńdíà, ilé ẹjọ́ gíga fòfin de bánà oníróbà fún kámpéènì ìdìbò 2019, àwọn olóṣèlú sì padà sórí aṣọ àti bébà. Ayé ò parẹ́, wọ́n ṣì dìbò.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká jẹ́ olóòótọ́, olùdíje tí kò lẹ póósítà, tí alátakò ẹ̀ lẹ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, ó ń ṣeré. Kò sẹ́ni tó máa dá dúró níbi tí orúkọ ẹlòmíì ti gba gbogbo ògiri. Òfin tó de gbogbo wọn papọ̀ ló lè yanjú ẹ̀, ẹ má retí pé ẹnì kan á fi ìwà rere pàdánù ìdìbò nítorí yín.

Kí ló ń bà wọ́n lẹ́rù tí wọn ò fi lè ṣòfin tó le?

Ẹ̀yin ni. Àti èmi.

Oṣù kọkànlá 2018, Emmanuel Macron, ààrẹ ilẹ̀ Faransé, fẹ́ fi owó orí kún epo mọ́tò nítorí èéfín. Àwọn tó ń gbé jìnnà sí ìlú ńlá, tí wọn ò ní reluwé, tí wọ́n gbọ́dọ̀ wakọ̀ kí wọ́n tó dé ibiṣẹ́, wọ́n wọ jákẹ́ẹ̀tì yẹ́lò, wọ́n dí ìyípo ojú ọ̀nà káàkiri ilẹ̀ Faransé. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejìlá ìjọba ti gbé owó orí náà jù sílẹ̀. Mi ò dá àwọn èèyàn yẹn lẹ́bi o, torí ìjọba kan náà ti dín owó orí àwọn olówó kù lọ́dún yẹn, ó wá fẹ́ kí akúṣẹ̀ẹ́ gbé ẹrù àyíká. Ètò náà ló burú, orúkọ àyíká ló wá bà jẹ́.

Ní Australia, ìjọba Julia Gillard bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lórí kábọ̀n, ìyẹn èéfín tó ń mú ayé gbóná, ní oṣù keje 2012, Tony Abbott tó jẹ́ alátakò ẹ̀ fi ariwo pé òun máa fa owó orí yìí tu wọlé ìdìbò, ó sì fà á tu ní oṣù keje 2014. Ọdún méjì péré. Ẹni tó bá rí ìyẹn, tó fẹ́ wọlé lẹ́ẹ̀kejì, á rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Kì í ṣe gbogbo òfin tó le ló ń pa olóṣèlú o. Rwanda ti fòfin de ọ̀rá láti 2008. Kẹ́ńyà fòfin de ọ̀rá ìrajà ní oṣù kẹjọ 2017, ìjìyà ẹ̀ le dé ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin tàbí owó ìtanràn tó tó 38,000 dọ́là Amẹ́ríkà. Àwọn oníléeṣẹ́ ọ̀rá pariwo, wọ́n lọ sí kóòtù, òfin dúró. Ìyàtọ̀ tí mo rí ni pé aráàlú ń fojú ara wọn rí ọ̀rá nínú gọ́tà àti lẹ́nu màlúù, nígbà tí òfin dé wọ́n mọ ohun tó wà fún. Kábọ̀n ò ṣeé fojú rí, bílì epo ló ṣeé rí.

Ọdún mẹ́rin, ọdún márùn-ún ni wọ́n ń lò. Báwo ni wọ́n ṣe máa ro ti ọdún 2050?

Fúnra wọn, wọn ò ní rò ó. Ẹni tó máa jẹ èrè ẹ̀ lè má tíì bí, kò sì ní káàdì ìdìbò. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn òfin tó ń so ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́wọ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ọ̀kan ní 2008: ìjọba gbọ́dọ̀ gbé ìwọ̀n èéfín kalẹ̀ fún ọdún márùn-ún márùn-ún, ọdún méjìlá kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ìgbìmọ̀ tó dá dúró á sì máa jábọ̀ fún ilé aṣòfin bóyá wọ́n ń tẹ̀ lé e. Gordon Brown ló wà níbẹ̀ nígbà tó jáde. Lẹ́yìn ẹ̀ Cameron, May, Johnson, Truss, Sunak, Starmer. Olórí ìjọba méje, ẹgbẹ́ méjì, ìjà àti ariwo, ọ̀kan wọlé ọ̀kan jáde, òfin ṣì wà níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ iná elédùú tó gbẹ̀yìn wọn, Ratcliffe-on-Soar, tì pa ní 30 oṣù kẹsàn-án 2024.

Wọ́n sì ń gbìyànjú láti yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ nígbà gbogbo o, ẹ má rò pé áńgẹ́lì ni wọ́n. Ó kàn jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe é ní gbangba, kò ṣeé fi ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ṣe.

Ajàfẹ́tọ̀ọ́ àyíká tó bá wọ pólítíìsì, ṣé wọ́n máa ń bàjẹ́ ni?

Ó máa ń rẹ̀ wọ́n ju kí wọ́n bàjẹ́ lọ. Wangari Maathai dá Green Belt Movement sílẹ̀ ní Kẹ́ńyà ní 1977, àwọn obìnrin abúlé ló fi gbin igi tó lé ní mílíọ̀nù 30, ní 1989 ó dúró ní iwájú ìjọba nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé alájà 60 sí Uhuru Park, ọgbà ìgbafẹ́ aráàlú ní Nairobi, wọ́n bú u, àmọ́ ilé náà ò di kíkọ́. Ó wọlé aṣòfin lẹ́yìn ìdìbò 2002, ó di igbákejì mínísítà àyíká ní 2003, ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2004. Ní 2007 ó pàdánù ìjókòó ẹ̀. Obìnrin tí gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́ fún! Olùdìbò ìlú ẹ̀ ń béèrè ọ̀nà àti iṣẹ́, ẹ̀bùn Nobel kì í tún ọ̀nà ṣe.

Mohamed Nasheed náà rèé, tó jẹ́ ààrẹ Maldives, orílẹ̀-èdè erékùṣù, nígbà yẹn. Oṣù kẹwàá 2009 ó kó àwọn mínísítà ẹ̀ wọ inú òkun, wọ́n wọ aṣọ ìwẹ̀, wọ́n gbé sílíńdà afẹ́fẹ́, wọ́n fọwọ́ sí ìwé lábẹ́ omi kí ayé lè mọ̀ pé ilẹ̀ wọn ń rì. Àrà tó dáa jù tí mo rí olóṣèlú dá lórí àyíká nìyẹn. Orílẹ̀-èdè ẹ̀ sì rèé, àlejò tó ń bá bàálù wá láti ìdajì ayé ló ń bọ́ ọ, kò sì lè sọ fún wọn pé kí wọ́n má wá. Lóṣù kejì 2012 ó kúrò nípò, ó ní ìbọn ni wọ́n fi lé òun. Ìṣòro ẹ̀ pọ̀ ju omi òkun lọ.

Tí wọ́n bá ra kírẹ́dìtì kábọ̀n, ìyẹn tí wọ́n sanwó kí wọ́n fi gbin igi dípò èéfín tí wọ́n tú, ṣé ọ̀rọ̀ ti tán?

Kò tán. Èéfín bàálù ti dé ojú ọ̀run lónìí, igi tí wọ́n ní àwọn gbìn á lo ogún ọdún kó tó gbé e mì, tí iná ò bá jó o. Ó sàn ju òfo lọ, àmọ́ ẹni tó bá fi ṣe ìdáhùn àkọ́kọ́, ẹ tún bi í.

Ẹni tó bá gbé ṣólà sórí òrùlé ilé ìjọba ńkọ́?

Jimmy Carter gbé páànẹ́lì 32 sórí White House ní 1979, láti máa mú omi gbóná. Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ ní 1986, ìjọba Reagan ní òrùlé làwọn ń tún ṣe, wọn ò sì dá a padà. Páànẹ́lì ṣeé tú pẹ̀lú sípánà.

Mo fẹ́ kọ lẹ́tà sí aṣojú mi. Kí ni kí n bi í?

Ẹ má bi í pé ṣé ó fẹ́ràn àyíká, á ní òun fẹ́ràn ẹ̀ gan-an ni. Ẹ bi í bó ṣe dìbò lórí òfin mẹ́ta tẹ́ ẹ mọ orúkọ wọn, kí ẹ kọ orúkọ òfin náà síbẹ̀ kó má baà ní òun ò mọ èyí tẹ́ ẹ̀ ń sọ. Ẹ bi í iye tó wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì fún reluwé, bọ́ọ̀sì, gọ́tà àti kíkó ìdọ̀tí, àti iye tí wọ́n ti ná níbẹ̀ lóòótọ́, torí owó tí wọ́n kọ sílẹ̀ àti owó tó jáde, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹ bi í nípa ìrìnàjò tó ṣe lọ́dún tó kọjá, èwo ni wọn ò lè ṣe lórí fóònù, ta ló sanwó ẹ̀, kí ló mú bọ̀. Ẹ bi í ta ló fún un lówó kámpéènì, tí oníléeṣẹ́ epo tàbí ti símẹ́ńtì bá wà níbẹ̀ ẹ ti mọ apá kan ìdáhùn yòókù. Ẹ kọ déètì sórí lẹ́tà, ẹ fi ẹ̀dà kan pamọ́. Tí oṣù kan bá kọjá tí ẹ ò rí èsì, ẹ tún un kọ, kí ẹ sì fi ẹ̀dà èyí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń bá a du ipò.